Àbúrò mi fi ṣíìtì bo tẹlifíṣọ̀n, ó ní wọ́n ń dárúkọ òun níbẹ̀. Ṣé igbó ló fà á?

OmoOlubadan22
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, mi ò fojú kan oorun lánàá ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 19, pólì ló wà, ND2. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti ń rí i pé ìṣesí ẹ̀ ti yàtọ̀, kì í sùn mọ́, tá a bá jí láago mẹ́ta òru a máa gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú yàrá, á sọ̀rọ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á wá bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ó fi ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì bo tẹlifíṣọ̀n, ó ní obìnrin tó ń ka ìròyìn ń dárúkọ òun. Àná ló wá yọ síìmù inú fóònù ẹ̀, ó lọ rì í mọ́nú agolo iyọ̀ ní kíṣìnì, pé ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti ní í rí òun. Màmá mi fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni wọ́n bá síìmù níbẹ̀, ṣe ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá ní àfiṣe ni, pé àwọn ará ilé bàbá àgbà ò fẹ́ kó kàwé yọrí. Màmá ti bá wòlíì kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní ká mú un wá fún ọjọ́ 21. Èmi wá mọ ohun tí wọn ò mọ̀, pé àtìgbà tó ti wà ní SS2 ló ti ń fa igbó, nígbà tó sì wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ó di lóòdù, igbó tí wọ́n ní ó lágbára, lójoojúmọ́, kó tó fọnu ló ti ń fà á. Mo mọ̀, mi ò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé igbó lè sọ èèyàn di wèrè lóòótọ́ ni àbí ohun táwọn òbí wa fi ń dẹ́rù bà wá ni? Torí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fa á pọ̀, nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n.

IyaniwuraCollections
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á gbọ́ ẹkún màmá yín. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ wòlíì yẹn o, ohun tójú ò rí pọ̀ láyé yìí.

Jah_Tolu
Ẹ ti tún gbé e dé. Gbogbo nǹkan, igbó, igbó. Ọdún 12 ni mo ti ń fa á, mo níṣẹ́, mo níyàwó, èmi ni mò ń san owó ilé mi. Fẹlá fa á títí tó fi kú ní 1997, ṣé ó sín'wín? Akérédolú nígbà tó jẹ́ gómìnà Oǹdó gbéra lọ sí Thailand ní 2019 torí kí wọ́n lè fi igbó pawó ní Oǹdó, òun náà ń ṣàárẹ̀ ọpọlọ nìyẹn? Tó bá jẹ́ pé igbó ló ń fa wèrè, gbogbo Mushin ì bá ti kún Yábàá. Ọmọ ń jìyà níléèwé, kò sówó, bàbá ń jágbe mọ́ ọn, orí ẹ̀ wá gbóná, ẹ ní ewé ni.

AlagbaEgba
Tolu, fara balẹ̀. Abẹ́òkúta ni mo ti dàgbà, ọ̀nà Arò, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, kì í ṣe ọ̀nà àjèjì sí mi. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ń sọ fún wa pé àwọn sójà tó ti ogun Bọ́mà dé ló kó igbó wálé. Ní 1966 ìjọba sójà ṣòfin pé ẹni tó bá gbin ín, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, síbẹ̀ wọ́n ń gbin ín, wọ́n ń fa á. Kí òfin yẹn tó dé rárá, ní 1964, Dókítà Tọlání Asùní ní Arò ti kọ̀wé jáde lórí wàhálà igbó nílẹ̀ wa, torí àwọn aláìsàn tó ń rí níwájú ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní.

Àwọn bàbá wa pín wèrè sí mẹ́ta: amútọ̀runwá, wèrè ìran, àti àfiṣe. Ìdí nìyẹn tí bàbá ọmọ yìí fi ń pariwo àfiṣe, òun ló rọrùn jù láti gbà. Tí wọ́n bá ní wèrè ìran ni, ta ni á fẹ́ àwọn ọmọbìnrin ilé yẹn?

ExLoud
Bàbá, ẹ fi ìkẹrin kún un: wèrè àfẹnufà.

Jah_Tolu
@ExLoud 😂😂 o burú jàre

Nurse_Sike
OmoOlubadan, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Kí n tó dá yín lóhùn, ẹ dá mi lóhùn ná. Ṣé ara ẹ̀ gbóná rárá lọ́sẹ̀ mẹ́ta yìí? Ṣé gìrì ti mú un rí, àbí ó ti forí gbálẹ̀ rí? Ṣé ó ń jẹun? Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ohùn tó ń gbọ́ yẹn, ṣé ó ń pàṣẹ fún un pé kó ṣe ara ẹ̀ léṣe tàbí kó ṣe ẹlòmíì? Torí ibà tó bá ti wọ ọpọlọ lè ṣe báyìí, wárápá lè ṣe báyìí, ìdí nìyẹn tí dókítà á fi ní kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kó tó fún nǹkan lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ igbó wá. Ohun tó wà nínú ẹ̀ tó ń gbé èèyàn fò ni wọ́n ń pè ní THC. Ọpọlọ wa fúnra ẹ̀ ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, níbi tó bá ti nílò ẹ̀, òun ló fi ń mọ ohun tó yẹ kó gbọ́ àtohun tó yẹ kó jẹ́ kó kọjá lọ. THC ò wá mọ díẹ̀díẹ̀, ṣe ló máa dà bo gbogbo ibẹ̀, ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan yí rédíò sókè dé òpin. Ọ̀rọ̀ tí kò kàn ẹ́ rárá, obìnrin kan jókòó síbì kan ó ń ka ìròyìn, ọpọlọ á ní ìwọ ló ń bá wí. Ẹ wo ṣíìtì tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n yín.

Tó bá ṣe igbó ọjọ́ yẹn nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó máa ń tán láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó sì tún ń le sí i, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó wò. Tí oṣù kan bá wá kọjá lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tí ohùn ò dákẹ́, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá àìsàn tó fẹ́ fìdí kalẹ̀ ni, irú schizophrenia, èyí tí èèyàn á máa gbọ́ ohùn, tí á sì máa gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́.

OmoOlubadan22
Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé gan-an mà. Ara ẹ̀ ò gbóná. Gìrì ò mú un rí. Búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ já ọ̀rá ẹ̀, tí ẹlòmíì bá ti já a kò ní í jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn yẹn ń pàṣẹ, ẹ̀rù ń bà mí láti bi í.

Nurse_Sike
Ẹ bi í. Ẹ jókòó tì í, ẹ má dúró lé e lórí, ẹ sọ pé "ohùn yẹn, kí ló ń sọ fún ẹ?" Ìbéèrè ò ní kó sí i lórí ju bó ṣe wà lọ. Ẹ má bá a jiyàn pé kò sóhùn, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ẹ kó ọ̀bẹ kíṣìnì kúrò níta ná.

DataBoi
Jah_Tolu, Fẹlá ò tó fi ṣe ìwádìí, ẹyọ ẹnì kan ni. Nígbà tí National Bureau of Statistics àti UNODC, àjọ UN tó ń rí sọ́rọ̀ oògùn olóró, ṣe ìwádìí oògùn olóró ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, wọ́n rí i pé àwọn tó fa igbó láàárín ọdún kan tó ṣáájú tó mílíọ̀nù 10.6, láti ẹni ọdún 15 dé 64. Tí gbogbo wọn bá ń ya wèrè, a ò ní í rẹ́ni wa mọ́tò. Nítorí náà òótọ́ lo sọ, èyí tó pọ̀ jù ò ní í ya wèrè. Àmọ́ ìbéèrè tí OmoOlubadan bi wa kọ́ nìyẹn.

Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ ṣe é tó fi ojú hàn. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin 45,570 tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun, wọ́n bi wọ́n léèrè nípa igbó nígbà tí wọ́n ń wọlé, wọ́n wá ń ṣọ́ wọn fún ọdún 15. Àwọn tó ti fa á ju ìgbà 50 lọ, schizophrenia tó ṣe wọ́n fi ìlọ́po mẹ́fà ju tàwọn tí kò fa á rí. Èsì yẹn jáde ní 1987. Ní New Zealand, ìlú Dunedin, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Àwọn tó ti ń fa á kó tó di ọmọ ọdún 15, nígbà tí wọ́n fi máa pé 26, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ti ní àìsàn tó jọ schizophrenia, àwọn tó kù jẹ́ 3%. SS2 lẹ́ ẹ ní àbúrò yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀.

Jah_Tolu
Mo mọ ìwádìí Dunedin yẹn, èmi náà ń kàwé, má rò pé torí pé mo ń fa igbó mi ò mọ Google. Nígbà tí wọ́n yọ ti àwọn ọmọ tó ti ń gbọ́ ohùn láti ọmọ ọdún 11 kúrò nínú ìṣirò, ìyàtọ̀ yẹn dínkù, kò tó ohun téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé mọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí orí ẹlòmíì ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òun ló wá ń fa igbó kí ara ẹ̀ lè balẹ̀. Ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́, ẹ ní kẹ̀kẹ́ ló ń fa ẹṣin.

DataBoi
Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn, àwọn náà rò ó. Ní 2002 wọ́n tún padà sí ìwé àwọn sójà Sweden yẹn, wọ́n yọ gbogbo ẹni tí àìsàn yẹn mú láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, kó má lọ jẹ́ pé ó ti wà lára wọn kí wọ́n tó fa á. Ìyàtọ̀ yẹn ò lọ. Mo gbà pé méjèèjì lè jọ máa ṣiṣẹ́, ẹni tí tiẹ̀ ti wà nínú ìdílé, tó tún wá fa á láti kékeré, òun ni mo bẹ̀rù fún jù.

AlagbaEgba
Ọ̀kadà ni mo fi ń wò ó ní tèmi. Mo mọ bàbá kan tó fi ọdún 30 gun ọ̀kadà láìdé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan ò ṣe é, akọ ni bàbá náà. Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tó fọ́ lórí, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

ExLoud
Kí n sọ tèmi, mo ti fi orúkọ mi jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ná. Mo fa igbó lásán fún bí ọdún mẹ́rin kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan ọ̀rẹ́ mi kan mú Colorado wá, ó ní igbó náà ni, pé ó kàn lágbára díẹ̀ ni. Irọ́ ni o, Colorado kì í ṣe igbó, kẹ́míkà ni wọ́n fọ́n sórí ewé gbígbẹ, kẹ́míkà yẹn sì ń ja ọpọlọ ju THC lọ dáadáa. Mo fa á méjì péré, mo wọ dánfó láti Ọ̀jọ́ta. Kọ́ńdọ́ ní "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o", mo rò pé ó ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n yí padà kí ayé tó parí. Ìyá kan wúkọ́ lẹ́yìn, mo ní àmì ni wọ́n ń fún ara wọn. Mo bẹ́ sílẹ̀ ní Kẹ̀tú, mo fẹsẹ̀ rìn dé Mile 12, mò ń bẹ gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé kí wọ́n dárí jì mí, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ mi mi ò mọ̀. Ọjọ́ méjì kó tó kúrò lójú mi. Mi ò tíì fa nǹkan kan láti ìgbà yẹn, títí kan sìgá. Nítorí náà ẹ wádìí ohun tí àbúrò yín ń pè ní lóòdù gan-an, orúkọ yẹn lè jẹ́ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní gáréèjì kan náà.

Peckham_Wale
Ẹ kú ìjókòó o, Peckham ni mo wà. Skunk, igbó tó lágbára tí wọ́n ń tà ní London, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 2016 THC inú ẹ̀ ń lọ bí 14%, CBD, nǹkan míì inú igbó tó yẹ kó máa tẹ̀ ẹ́ lórí ba díẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá. Àdúgbò wa yìí gan-an, gúúsù London, ni Dókítà Marta Di Forti àti àwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, nígbà tó fi máa di 2019 wọ́n ti ṣe é níbi 11, Brazil wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń fa èyí tó lágbára lójoojúmọ́, ewu tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò fa á rí. Wọ́n ní tí skunk bá kúrò ní London, bóyá nǹkan bí 30% àwọn tí àìsàn yìí ń mú nígbà àkọ́kọ́ ni kò ní í mú, Amsterdam ló burú jù, 50%.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi wà nínú àwọn tí mò ń sọ. Ọmọ tó mọ̀wé, ó ń ki oríkì wa, ọmọ tí wọ́n bí sí London o! Ọlọ́pàá ló rí i lójú títì pẹ̀lú bọ́kísà nìkan nínú òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó dáa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní "díẹ̀ kò lè pa ẹ́". Oṣù kẹrin ó ti padà sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn pẹ́ ju tàkọ́kọ́ lọ kó tó tán. Ní Denmark, àwọn tí ìwé ọsibítù ti kọ pé igbó ló ṣe é fún wọn, nígbà tí wọ́n ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó padà ní schizophrenia tàbí bipolar, àìsàn tó ń gbé ọkàn èèyàn sókè jù, tó sì tún ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó fi ẹnu kàn án mọ́.

Baba_Agbo_Jnr
Bàbá mi ń wo wèrè kó tó di pé ó dolóògbé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Asofẹ́yẹjẹ ló fi ń ṣe é, egbò ẹ̀, ó ń mú kí ara wálẹ̀ kí èèyàn sùn. Àwọn òyìnbó náà rí i pé oògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fi wo àìsàn ọpọlọ rí nílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi fúnra ẹ̀ sọ ọ́ kó tó kú pé ìwọ̀n ló le jù nínú ẹ̀, tó bá pọ̀ jù èèyàn á dìde á ṣubú, kò ní í lè gbé orí. Ẹ má lọ fún un ní èyí tẹ́nì kan sè nílé. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é.

AlagbaEgba
O ṣeun ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ṣẹkẹṣẹkẹ̀ yẹn ni Dókítà Lambo, tó ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, dojú ìjà kọ ní Arò láti 1954. Aláìsàn ń gbé nílé àwọn ará abúlé, ìyá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún un, wọ́n á rìn lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á rìn padà. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n jọ ṣe é ni.

IyaniwuraCollections
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Àná mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú wòlíì. Mi ò sọ fún yín pé àbúrò ọkọ mi náà ṣe báyìí, ọdún méjì gbáko la fi gbé e láti òkè kan dé òkè kejì, wọ́n fún un ní ààwẹ̀ títí egungun ẹ̀ fi yọ. Ọsibítù la padà lọ nígbẹ̀yìn. Dókítà bi wá pé níbo la wà látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ẹ gbàdúrà o, èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ ẹ gbé e lọ lónìí.

OmoOlubadan22
Mo ti sọ fún màmá pé mo mọ̀ nípa igbó yẹn. Wọ́n gbá mi létí, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n wá wọ bàtà wọn. Bàbá ò bá wa lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá sọ ọ́ fún dókítà pé ó ń fa igbó, ṣé wọn ò ní í pe NDLEA?

Nurse_Sike
Aláìsàn la máa ń rí ní wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ wa kì í ṣe ká múni. Ẹ sọ ohun tó ń fà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà lójúmọ́, ọjọ́ tó fa á kẹ́yìn. Ẹ sọ tí ẹnì kan bá ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú ìdílé, tọ̀tún tòsì, kódà tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi pa mọ́.

OmoOlubadan22
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́fà o. A lọ. Ohùn yẹn ò pàṣẹ, ó kàn ń bú u ni. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ò rí nǹkan kan. Àṣé àbúrò bàbá mi kan tí wọ́n ń sọ pé ó kú sí Gánà ò kú sí Gánà, bàbá ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n padà wá wò ó. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ àti oògùn, ó sùn wákàtí 14. Lánàá ó fúnra ẹ̀ ká ṣíìtì kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ká a dáadáa bí aṣọ ìjọ. Àmọ́ láti òwúrọ̀ yìí ọrùn ẹ̀ ti wọ́ sí èjìká òsì, ojú ẹ̀ ń yí lọ sókè, ahọ́n ẹ̀ ń wúwo, màmá ti ní oògùn ni, wọ́n fẹ́ kó dá a dúró. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní ká padà wá.

Nurse_Sike
Ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀, ẹ padà síbẹ̀ nísìnyí. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, a máa ń rí i dáadáa lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin, wọ́n á fún un ní èyí tó ń tú u, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọrùn á padà sípò. Ẹ ní kí wọ́n yí oògùn padà fún un tàbí kí wọ́n dín in kù. Ẹ má kàn dá a dúró nílé. Tó bá ń ṣòro fún un láti mí tàbí láti gbé itọ́ mì, ẹ sáré ni o.

Jah_Tolu
Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn lẹ wà ṣebí? Apá ibo? Mo ní mọ́tò.

OmoOlubadan22
A ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹ ṣé. Ó ń mí dáadáa. Ó ní kí n fi síìmù òun fún òun, kí òun pe ọ̀rẹ́ òun kan níléèwé. Mi ò tíì fún un.